Efinrin Tí A Tọ́jú De Títí

Títí, fa àga rẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, torí mi ò lè máa bá ẹni tó wà nínú àpótí du ọ̀rọ̀. Láti àná ni orí mi ti dàrú, Títí ló sì fà á. Ó kàn bi mí ní ìbéèrè kékeré kan, ó ní, “Bàbá, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ewé tútù láyé ijọ́un tí kò fi ń bàjẹ́, nígbà tí kò sí fìríìjì?” Ó fẹ́ ká jọ lọ sí Oǹdó, sí ilé ìyá mi, ká lọ gé efinrin wá sí Ijapo ní Àkúrẹ́ níbí, kí òun tọ́jú ẹ̀ de ọmọ tó wà nínú òun. Ó ní efinrin Ìyá Oǹdó ni wọ́n fi wẹ òun náà nígbà tí wọ́n bí òun, ohun tí wọ́n fi ṣe tòun ni òun fẹ́ fi ṣe tọmọ òun.

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ní ìrù, ìrù yẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n mú un lórí ni tàbí kí n mú un nírù. Ẹ jẹ́ ká ti ara ewé bẹ̀rẹ̀ ná.

Ní igun ìyàrá ìyá mi ní Oǹdó, àmù kan wà níbẹ̀ tó ga tó àyà ọmọdé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì da yanrìn odò yí i ká. Àmù máa ń làágùn, ẹ̀yin ò mọ ìyẹn. Omi á máa yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa wọ inú yanrìn, ibẹ̀ á tutù láàárọ̀, á tutù lọ́sàn-án gangan tí páànù ń ta paa, paa, lókè. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ óò gbọ́ igbá tó ń kan etí àmù, tó ń dún kò kò, bí ẹnì kan bá ń bu omi mu. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tí ìyá mi kò jẹ́ ká lé. Ó ní òun ló ń bá òun jẹ àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé. Èmi kò rí i kó jẹ kòkòrò kankan rí, ṣùgbọ́n ta ni màá bá jiyàn? Orí yanrìn yẹn ni fìríìjì wa.

Ìyá mi kì í já efinrin ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń gé e tẹ̀ka tẹ̀ka ni, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú un. Kì í fọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ọjà dé tí ẹ máa ń da gbogbo ewé sínú omi oníyọ̀! Kì í fọ̀ ọ́ àfi tó bá fẹ́ lò ó. Á gbọn ìrì ara rẹ̀ dànù, á tẹ́ ẹ sórí àtẹ níbi ìbòòji kí ara rẹ̀ lè fà díẹ̀, lẹ́yìn náà á fi ewé gbódògì wé e, àwọn ewé fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Kì í dì í le, ó ní efinrin náà ń mí. Ní gbogbo ìdájí á tú u, á ṣa èyí tó bá ti pọ́n kúrò, á dì í padà, á wá wọ́n omi sí ẹ̀yìn gbódògì, kì í ṣe sára efinrin. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Bó bá ti wọ́n ọn tán, á sọ ọ́ jáde pé, “Ó tó.” Mo máa ń rò ó nígbà tí mo wà ní kékeré pé ta ló ń bá wí.

Èèwọ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá fọwọ́ kan iyọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kò gbọdọ̀ bá a sùn ní ìyàrá kan náà. Mo bi ìyá mi pé kí ló dé, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n máa ń kọ́ ewé ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, pé kí òun náà tètè pọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́dún kan báyìí, mo jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan gbé, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn àmù, mo ní bó bá di ọ̀sán màá yọ́ lọ jẹ ẹ́. Mo gbàgbé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ewé tó wà níbẹ̀ ti di yẹ́lò. Ìyá mi kò nà mí. Ó kàn kó gbogbo ewé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó kí n jẹ ẹ́ tán níṣojú òun, ewúro sì wà nínú rẹ̀! Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Ẹnu mi korò fún ọjọ́ méjì.

Bí ọdún bá ń bọ̀ ní Oǹdó, tí àwọn àlejò ń ti oko wọlé, ìdí àmù yẹn á kún débi pé ẹni tó bá fẹ́ bu omi á fẹsẹ̀ kan rọra dúró. Efinrin lápá ibí, ewúro lápá ọ̀hún, ewé àgbo ibà lẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò á máa wá tọrọ. Efinrin ìyá mi á lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìgbà mìíràn á lo ọjọ́ mẹ́wàá, bí o bá sì fọwọ́ ra á, ilé á máa ta sánsán.

Fìríìjì tí ẹ ní yìí ga jù mí lọ. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, mo bá efinrin kan nínú náílọ̀n, ó ti dúdú, omi ń yọ lára rẹ̀. Mo bi Títí pé ọjọ́ wo ló ti wà níbẹ̀, ó ní ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹta péré! Iná wà, ẹ̀rọ ń kùn, òtútù ń mú, ewé sì bàjẹ́. Àmù kò ní iná, kò ní ẹ̀rọ, ewé kò bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ bá mi tú u, torí ó rú mi lójú.

Ó dáa. Ìrù ọ̀rọ̀ náà rèé.

Bọ́lá, ìyá Títí, òun nìkan lọmọ tí èmi àti ìyàwó mi bí. Ó lo ọdún méje nílé ọkọ kó tó lóyún Títí. Ẹ̀yin ò mọ bí ọdún méje ṣe gùn tó fún obìnrin tí gbogbo ayé ń wo ikùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Ìjù, ẹni rere ni, kò wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n àìwí nǹkan kan yẹn gan-an máa ń pa Bọ́lá lẹ́kún. Nígbà tí oyún wá dúró, tó kù díẹ̀ kó bí, ó wá sọ́dọ̀ wa ní Òkè Àró, níbi tí à ń gbé nígbà yẹn.

Ìgbà náà ni Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpínlẹ̀ tiwọn kúrò lára wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ará Èkìtì ń kó ẹrù lọ sí Adó. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe, lójoojúmọ́ ni mò ń kan àpótí tí wọ́n máa kó àwo sí. Gbogbo Àkúrẹ́ dà bí ilé tí wọ́n ń pín ogún rẹ̀, èèyàn á jí lóòrọ̀, aládùúgbò tó ti bá gbé fún ogún ọdún ti kó lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló fi fìríìjì rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó mi, ó ní kò ráyè nínú mọ́tò. Fìríìjì funfun kan báyìí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé àfi tí èèyàn bá fi àga tì í. Ẹ wá wo ìyàwó mi! Bí àlejò bá dé, kódà bí òùngbẹ kò bá gbẹ ẹ́, yóò mu omi tútù ni dandan.

Ìyá mi wá láti Oǹdó nígbà ọyẹ́ yẹn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, òjìji èèyàn ló ń rí. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbé ẹrù gbódògì kan mọ́ àyà, kò jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ẹbí tiwa, obìnrin tó bá dàgbà jù nílé ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé efinrin tí wọ́n máa fún sínú omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ ọmọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Bọ́lá. Ìyá mi jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Bọ́lá dà? Sún mọ́ mi, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ka tó tutù lára igi yẹn ni mo gé wá. Ọyẹ́ ti jẹ ìyókù. Ojú mi kò ríran mọ́, orúnkún mi kò sì gbà kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́. Èyí ni ìkẹyìn tí màá fọwọ́ ara mi gé. Tọmọ rẹ ni.”

Bọ́lá bú sẹ́kún. Ó ní, “Ìyá àgbà, bí ewé yìí bá lè de ọmọ mi ní tútù, ọkàn mi á balẹ̀. Màá mọ̀ pé ó wá láti dúró.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló so gbogbo wa mọ́lẹ̀. Dókítà ti ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta, kí ló le níbẹ̀? Ìdí àmù tó wà nílé wa níbẹ̀, tí òun náà ní yanrìn nídìí, ni a gbé e sí. Ọjọ́ mẹ́ta pé, Títí kò yọjú. Ọjọ́ karùn-ún, kò yọjú. Títí, o ti ń ṣe orí kunkun láti inú oyún!

Ní ọjọ́ karùn-ún yẹn ni ìyàwó mi sọ pé, “Màmá, ọyẹ́ yìí pọ̀ jù, gbogbo nǹkan ló ń gbẹ. Ẹ jẹ́ ká gbé ewé yìí sínú fìríìjì. Ẹja wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá, kò ṣe nǹkan kan.”

Ìyá mi ní, “Ìyàwó mi, ẹja ti kú kí o tó gbé e síbẹ̀. Efinrin yìí kò tíì kú.”

“Màmá, ẹ̀rọ ni. Kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.”

“Ohun tí èmi náà ń wí nìyẹn.”

Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ ọ̀kan, tí mo jẹ́ ọmọ èkejì, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo pín efinrin náà sí méjì. Apá kan lọ sínú fìríìjì, apá kan dúró nídìí àmù. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Títí di òní olónìí mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni tàbí ojo.

Ti fìríìjì ló kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó mi fi ìfẹ́ gbé e sí ìdí yìnyín gan-an, níbi tó tutù jù. Iná tí kì í wà wá lọ wà fún ọjọ́ kan àtààbọ̀ láìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n mú un lọ. Nígbà tí yìnyín yọ́, efinrin náà ti rí bí ewé tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná. Ìyàwó mi kó o lọ dà sẹ́yìnkùlé, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fá pákó, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá. Ẹ má sọ fún Bọ́lá náà.” Mo ní mi ò ní sọ. Ó wá ku ti ìdí àmù nìkan.

Ìyá mi ń tọ́jú ẹ̀ bó ṣe máa ń tọ́jú ẹ̀. Ní ìdájí, màá gbọ́ ọ tó ń fọwọ́ wá ògiri lọ sídìí àmù, màá gbọ́ gbódògì tó ń dún, màá gbọ́ “Ó tó.” Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ti mú un, ìgbà mìíràn á pè mí ní orúkọ bàbá mi. Mo wá ń bẹ̀rù pé bó bá gbàgbé ńkọ́? Ojú rẹ̀ kò ríran, bó bá wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè wa ń là, pákó tí mo fá láàárọ̀ ti ń ká kò lọ́sàn-án. Èmi náà bá ń yọ́ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ wọlé, mo ń tú gbódògì, mo ń wọ́n omi díẹ̀ sára efinrin náà gan-an kí ó lè mu ún dáadáa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni màá ní mò ń ṣe, pé mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìyá mi?

Ọjọ́ kọkànlá ni Títí tó gbà láti wá. Ọ̀sán ni Bọ́lá bí i nílé ìwòsàn, obìnrin, orí rẹ̀ kún fún irun. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e wálé. Ẹ ò rí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn! Ó ti gbé omi kaná, ó ti tẹ́ aṣọ, ó ti jókòó sórí àpótí ìjókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Ọmọ tó pẹ́ lọ́nà ti dé. Ẹ gbé efinrin mi wá.” Bọ́lá rẹ́rìn-ín láti orí ẹní tó jókòó sí, irú ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún méje.

Mo wọlé lọ sídìí àmù. Mo tú gbódògì náà, tí kò sẹ́ni tó ráyè tú láti ìgbà tí Bọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ ìrọbí. Efinrin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun dúdú kan ló wà níbẹ̀ tó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ń rùn. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ìyàwó mi, ó wọlé, ó wò ó, ó fọwọ́ lérí.

Ó ní, “Yé è! Báwo ló ṣe lè bàjẹ́? Lójoojúmọ́ ni mò ń wọ́n omi sí i, bí oòrùn bá ti mú!”

Mo ní, “Kí lo wí?”

“Mo ní mò ń wọ́n omi sí i. Ẹ̀rù ń bà mí torí ti fìríìjì yẹn, mi ò fẹ́ kí èyí náà gbẹ.”

“Ìwọ ń wọ́n ọn lọ́sàn-án? Èmi ń wọ́n ọn nírọ̀lẹ́ o!”

“Màmá náà sì ń wọ́n tiwọn ní ìdájí.”

Ẹ dákun, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ló fẹ̀sọ̀ mú nǹkan tó wa? Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ mẹ́ta ló gbájọ sórí efinrin yẹn, tó fi kú. Bí ọ̀kan nínú wa bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, ewé ì bá tutù. Mo ti rò ó láti ọdún yẹn, mi ò tíì rí ibi tí mo máa gbé òwe yẹn sí.

“Ẹ gbé e wá o, omi ń tutù,” ìyá mi ló ń pè láti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ óò ní kí ló dé tí mi ò sáré lọ sí Oǹdó. Sáré lọ bí i ti báwo? Epo mọ́tò ti dàwátì lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹ̀ka tútù kankan tó kù lára igi ọ̀hún, ìyá mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọjà ńkọ́? Ìlú ń ṣe orò lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ti Ọjà Ọba pa. Mo bá gba ẹ̀yìn ilé, mo fo ọgbà bí ọmọ ogún ọdún, mo já sí ẹ̀yìnkùlé Àlàájà, ìyá Ráfíù.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájà, ó ń ta àwo àti ìkòkò ní Ọjà Ọba, a sì ti jọ ń gbé ládùúgbò tipẹ́. Efinrin kan wà létí balùwẹ̀ rẹ̀ tó rú dáadáa nínú ọyẹ́, torí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gba ìdí rẹ̀ kọjá. Ó rí mi, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ kú ewu ọmọ o! Kí ló ń lé yín bọ̀?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní kíákíá, mo na ọwọ́ sí efinrin. Ó gbá ọwọ́ mi kúrò.

Ó ní, “Ẹ wo ọwọ́ yín, gúlúù ni gbogbo ẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ jàre.” Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó ní “Bísímílà,” ó ń gé e tẹ̀ka tẹ̀ka, ó gbọn ìrì ara rẹ̀ dànù kó tó kó o fún mi. Gẹ́lẹ́ bí ìyá mi! Ta ló kọ́ ọ? Mo ti rò pé ìdí àmù wa ní Oǹdó nìkan ni wọ́n ti mọ ìyẹn. Bí mo ṣe ń yí padà, ó ní, “Ẹ má dárúkọ mi o. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti Ìyá.”

Mi ò tilẹ̀ dúpẹ́. Eré ni mo sá padà. Ìyàwó mi wá gbódògì tó mọ́, a fi wé e, mo so ó bí ìyá mi ṣe ń so ó, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Ìyá mi tú u. Ó fi ìka tọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó gbé e sí imú. Ó tún gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bọ́lá ní, “Ìyá àgbà, ṣé ó ṣì tutù?”

Ìyá mi ní, “Ó tutù, ọmọ mi. Ó tutù dáadáa.”

Ó fún un sínú omi, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó wẹ̀ ọ́, Títí. Ó fi í pa orí rẹ, ó fi í pa àyà rẹ, ó ń ṣàdúrà bó ṣe ń bu omi. O ké, o sì dákẹ́. Bọ́lá ń sunkún ayọ̀, ó ní, “Ó dúró dè é! Ọjọ́ kọkànlá, ó dúró dè é!” Nígbà tí wọ́n gbé ọ wọlé, ìyá mi na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gé e.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ gé e.”

Ó ní, “Mo gbọ́.”

Ṣé ó mọ̀ ni? Tàbí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ń gbàgbé ni? Ní àná rẹ̀ ló pè mí ní orúkọ bàbá mi, tó ní ṣé mo ti ti oko dé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ni kí n ṣe mọ̀?

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún. Àlàájà wá, ó gbé abọ́ tuntun méjì wá fún Bọ́lá, ó sì jókòó lápá ọ̀dọ̀ ìyá mi. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ efinrin tó lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú ọyẹ́ láìbàjẹ́. Wọ́n ní kí n sọ bí a ṣe tọ́jú ẹ̀. Ojú tì mí láti dákẹ́, mo bá dìde, mo sọ ti yanrìn, mo sọ ti gbódògì, mo ní ọgbọ́n ìyá mi ni, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlàájà náà pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ kú oríire, Ìyá.” Ìyá mi kàn tẹ orí ba.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu wo ni màá fi lọ bá obìnrin náà? Bí mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ irọ́ nìyẹn. Mo ní màá lọ bó bá di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ń padà sí Oǹdó, mo mú un wọ mọ́tò, ó ní, “Ṣé o jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ?”

Mo ní, “Mo ti jẹ́ ẹ, Ìyá.”

Ó ní, “O ṣé é, ọmọ mi.”

Kò pé ọdún tó fi kú. Igi efinrin náà kò rú mọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn, àbúrò mi sì ti da kọnkéré sí gbogbo ibẹ̀. Torí náà, Títí, kò sí nǹkan kan tí a fẹ́ lọ gé ní Oǹdó. Gbogbo ìgbà tí o bá ti gba ẹ̀bùn nílé ìwé, tí ìyá rẹ bá ní ewé Ìyá Oǹdó ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ, mo máa ń dìde bí ẹni fẹ́ lọ tọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ogún. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Bóyá ọwọ́ tó gé ewé ló ń ṣiṣẹ́ o, bóyá ewé ni, bóyá ọwọ́ tó wẹ ọmọ ni, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ Àlàájà ló gé tìrẹ.

Ó ṣì wà láyé. Ráfíù sọ fún mi níjọ́sí pé Òkè Àró náà ló ṣì ń gbé, kò lè lọ sọ́jà mọ́. Ẹ bá mi mú fìlà mi. Títí, lọ gbé mọ́tò rẹ síta, a ò lọ gba ewé o, kó o má dárúkọ ewé rárá bí a bá débẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná, bí ẹ̀yìn mi bá gbà fún mi. Màá sọ fún un pé ìyá mi ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá bi mí pé ìgbà wo ni ìyá mi rán mi, ìwọ ni kí o dá a lóhùn, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á lè gbé e. Sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n wẹ̀ ọ́ ni.